Bàbá Tó Ń Kí Èrò ní Gáréèjì Oǹdó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi tó kí n mọ ibi tí èèyàn ń lọ. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ọmọ ìgboro Àkúrẹ́ ìgbà náà ò mọ fóònù, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wà nílé ẹni tí ajá rẹ̀ ń gé èèyàn jẹ, nítorí náà títì ni sinimá wa. A ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, a ó máa bi ara wa pé kí ló wà nínú agbọ̀n ìyá yẹn, kí ló ń pa ọkùnrin yẹn lẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń sanwó fún ìtọpinpin ni, àwa la ò bá ra ilé tí à ń gbé.

Òkè-Àró ni ilé ọ̀hún wà, ilé gígùn tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá lọ sí ibi ìdáná. Nínú yàrá tó kẹ́yìn, bàbá àgbàlagbà kan ń dá gbé. Ará ìhà Òkìtìpupa ni, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba kí n tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká sí ọ̀nà jíjìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láàárọ̀, ẹ̀wù tó ti gbó ló máa wọ̀, á jókòó, á máa ṣa ẹ̀wà tó fẹ́ sè. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á wẹ̀, á wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ti lọ̀ dáadáa, á dé fìlà, á mú agbòòrùn dání, ó di ìta. Ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú kó tó padà dé, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí ẹni tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Bí ẹ bá bi í pé níbo ló lọ, á ní, "Mo kàn nasẹ̀ lọ síwájú ni."

Iwájú wo? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn ìyá ilé wa ní èrò tiwọn. Ọ̀kan ní bàbá ní obìnrin kan ní Ìjọ̀kà. Òmíràn ní irọ́ ni, pé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ló ń lọ. Ìyá mi ní kí n fi bàbá oníbàbá lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀n, mà," mo sì ti mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bí ìyá mi ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, èmi àti àbúrò mi obìnrin yọ́ tẹ̀ lé bàbá. Ó rọra ń rìn, ó ń kí ẹni tó bá pàdé, àwa náà ń fara pamọ́ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn, títí ó fi yà sí gáréèjì àwọn mọ́tò Oǹdó. Ṣé ó ń rìnrìn àjò ni? Kò wọ mọ́tò kankan. Bẹ́ńṣì kan ló lọ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já èrò, ó gbé agbòòrùn lé itan. Àwa sá sẹ́yìn tábìlì ìyá ọlọ́sàn, à ń yọjú.

Mọ́tò Píjò kan dé láti Oǹdó. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń gbọn eruku. Bàbá dìde, ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé dáadáa lẹ bá wọn níbẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ti rí. Bí àgbàlagbà bá fi ẹ̀rín kí yín báyẹn, ta ni yín tí ẹ máa ní ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ìyá kan kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní dáadáa ni, ẹsẹ̀ màmá òun ti ń sàn, ó wá béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ bàbá. Bàbá ní wọ́n wà dáadáa. Ìyá náà bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un lára ẹrù rẹ̀, ó dágbére, ó lọ. Ìgbà tó kọjá níwájú wa ni mo rí ojú rẹ̀. Ó ti fún ojú pọ̀, ó ń ronú gidi, ó ń wẹ̀yìn wò. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ní òun ti ń gbèrò láti wá kí bàbá láti ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi í pé ta ni yín. Àbúrò mi fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ibi tí mo ti ń rò pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ ni mọ́tò mìíràn ti dé. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó ní àpótí onírin kan àti ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Bàbá kí i bó ti ń kí gbogbo èèyàn. Ojú ọmọbìnrin náà tàn, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ mà ti pẹ́ níbí."

"Rárá o," bàbá ní, "kò pẹ́."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọbìnrin náà wá gbé àpótí rẹ̀ karí, ó ní, "Ẹ máa níṣò, sà, mò ń tẹ̀ lé yín."

Mo rí i tí bàbá la ẹnu. Mo rí i tó pa á dé. Lẹ́yìn náà ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣíwájú, ọmọbìnrin sì tẹ̀ lé e. Èmi àti àbúrò mi gba ẹ̀bùrú sáré délé.

Ẹ ò bá rí ilé wa lọ́jọ́ náà! Àwọn ìyá tó ti máa ń káàánú bàbá pé kò sẹ́ni tó ń wò ó wá, inú wọn dùn, wọ́n ń já ẹrù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo iwájú orí, bàbá yìí gan-an ni!" Òmíràn ní imú ló fi jọ ọ́ jù. Ìyá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kò tiẹ̀ wo ti imú, ó ti ń gbé odó síta.

"Àlejò ò ní jẹ gàrí nínú ulé yìí lónìí!"

Ọmọbìnrin náà kò jókòó. Ó gbálẹ̀ yàrá bàbá, ó pọnmi, ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ará ilé. Ohùn Oǹdó dún létè rẹ̀, bàbá sì jẹ́ ará Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, tó ń wo ẹní kan, àtùpà kan àti aṣọ tó wà lára ìṣó, bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò rí. Wọ́n gbé iyán fún un. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó rọra bi ìyá mi pé, "Ṣé wọn ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé ni, mà?"

Ìyá mi ò mọ ẹni tó ní lọ́kàn. "Wọn á dé láìpẹ́," ló fi dá a lóhùn, "ìwọ ṣáà jẹun."

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà ṣì wà lórí rẹ̀, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi nìkan la mọ̀ pé bàbá ò mọ ẹnikẹ́ni ní gáréèjì yẹn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà, mo ní, "Àǹtí, ta lẹ wá bá nílé yìí?"

Ìyá mi fa etí mi débi pé mo rò pé ó já. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò nìyẹn?" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ọmọbìnrin náà fi òkèlè sílẹ̀.

"Ọkọ mi ni," ó ní. "Tíṣà ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tí mi ò tíì rí rí ló máa wá pàdé mi, àgbàlagbà kan tó dé fìlà."

Kò sí tíṣà kankan nílé wa. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé wọ́n ti ṣe ìyàwó tán ní Oǹdó, ó dúró díẹ̀ kó lè parí aṣọ rírán tó ń kọ́, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ ń bọ̀ nílé ọkọ.

Bàbá ṣí fìlà. "Ọmọ mi, mo rò pé ọ̀kan nínú ẹbí wa ni ọ́ tí mo ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ojú ló tì mí láti béèrè."

"Ojú ti èmi náà, sà," ọmọbìnrin náà ní, ó sì bú sẹ́kún. "Ìyá ọkọ mi ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní lè fi Oǹdó sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí n tó dé, wọn á ní mo ti kọ ọmọ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi padà."

Ìyá mi gbé ìkòkò, bàbá mú agbòòrùn, gbogbo wa já sọ́nà, èmi náà tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó rántí lé mi padà. Nígbà tí a dé gáréèjì, èrò ti pé jọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ẹni tó yẹ kó wá pàdé ìyàwó, ti yà lọ gẹrun, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó dé ni wọ́n sọ fún un pé bàbá kan ti mú ọmọbìnrin náà lọ. Ó ti sáré lọ pe ìyá ọkọ, òun ló jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ti fojú kan bàbá báyìí, ọmọ gáréèjì kan di bùbá rẹ̀ mú. "Gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!" Bùbá tó lọ̀ dáadáa yẹn ya láti èjìká.

Ìyàwó tuntun ju àpótí sílẹ̀, ó kó sáàárín wọn. "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!" Ìyàwó tí kò tíì wọlé ọkọ, ó ń pariwo níwájú àwọn àna! Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó rò ó fún un bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá náà wò ó, ó wo ìyá mi pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó wo bàbá tí èjìká rẹ̀ wà níta.

"Kí ló jẹ lọ́dọ̀ yín?"

"Iyán ni," ìyá mi ní.

"Èmi náà gúnyán dè é. Ó ti tutù." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó wá kúnlẹ̀ fún bàbá, ó dúpẹ́ pé ó bá wọn tọ́jú ìyàwó. Ṣùgbọ́n olórí gáréèjì ní bàbá ò gbọdọ̀ wá jókòó síbẹ̀ mọ́, pé bí wọn ò bá rí ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ẹ wò ó, kò jẹ̀bi.

Bí a ti ń padà bọ̀, ìyá mi bi bàbá pé kí ló tiẹ̀ ń wá níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bàbá fa bùbá rẹ̀ tó ya mọ́ èjìká. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń ti ibì kankan dé bá mi. Ó sì máa ń wù mí kí n kí èèyàn káàbọ̀." Ìyá mi gba agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a gbé e délé.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá rọlẹ̀, bàbá á wẹ̀, á múra, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó dùn mí ju etí tí wọ́n fà lọ. Mo ti rò pé ibẹ̀ ló parí sí, àfi bí ìyàwó yẹn ṣe yọ lọ́jọ́ kan, ẹrù lórí. Oǹdó ló ti ń bọ̀. Ìhà kejì ìlú ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kọjá ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí bàbá fi kí i káàbọ̀ tán, tó béèrè ọ̀nà, tó béèrè àwọn tó fi sílẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbàkúùgbà tó bá lọ sí Oǹdó, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, títí bàbá fi kú. Mi ò rí ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ tẹ̀ lé ẹni tí ẹ ò mọ̀ ní gáréèjì o. Ayé ti le. Lónìí, ẹni tó bá ń kí àjèjì bíi ti bàbá, wọ́n lè fi táyà sí i lọ́rùn. Ẹnu géètì àdúgbò tí mò ń gbé báyìí, orúkọ àti ẹni tí ẹ wá rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, bí ààyè bá wà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín. Mo mọ ìdí rẹ̀. Kò sọ pé kó máà máa ká mi lára.

Ìyàwó ọjọ́sí ti di ìyá arúgbó, ọ̀rẹ́ mi ni, orí ti èmi náà sì ti funfun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó lọ sí Oǹdó, ó dé, ó sì tún jáde wá bá mi nílé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sinmi. Ó ní àwọn ọmọ òun ti fi nǹkan kan sínú fóònù òun, wọ́n ń wo mọ́tò tí òun wọ̀ láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, wọ́n mọ ibi tó dúró, wọ́n mọ kọ́nà tó yà.

"Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń wò mí," ó ní. "Ìgbà tí mo wọlé, kò sẹ́ni tó gbójú sókè."