Pátákó Tí Arlys Gbé Kúrò Nípò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Arlys Thostrup fi wa kátapílà ìjọba ìbílẹ̀ lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó yí ìlú Sorby ká, ní Nebraska. Kò sí kòtò tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òpó wáyà tí kò lè sọ ọdún tí wọ́n rì í. Nígbà tó gba iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní obìnrin kò ní lò ju oṣù kan lọ. Mẹ́rin nínú wọn ti kú kó tó fẹ̀yìn tì.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, níbi tó ti ń kó yìnyín kúrò lọ́nà, abẹ kátapílà rẹ̀ gbá pátákó irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì wó o lulẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó náà pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sin Maren Ravnholt sí ní 1873, obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ̀dó síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ, bí ẹni pé àwọn ẹ̀yà Pawnee tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kò lóbìnrin. Arlys gbé ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti dì bí òkúta. Ibi kan ṣoṣo tó ṣì rọ̀ ni abẹ́ òkìtì koríko gbígbẹ tí wọ́n kó jọ fún màlúù, igba ìṣísẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ó ti koríko díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbẹ́ ihò, ó sì ri pátákó náà síbẹ̀. Tí yìnyín bá yọ́, òun á dá a padà.

Yìnyín yọ́, ọ̀nà bàjẹ́, iṣẹ́ pọ̀. Kó tó ráyè, Ọjọ́ Ìrántí Òkú ti dé lópin oṣù Karùn-ún. Lorene Hruska, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ni ilé oúnjẹ ìlú, ti gbé òdòdó lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ nu pátákó. Arlys gbé ìka kan sókè láti kí i, ó sì wa kátapílà rẹ̀ kọjá. Ọdún márùndínlógójì ni Lorene fi gbé òdòdó lọ síbi tí wọ́n ń kó koríko màlúù jọ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, Dwight, ọmọ àbúrò Arlys, ní òun fẹ́ gbin àgbàdo sí pápá ìjẹko tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà. Òun ò ní fọwọ́ kan ìdí pátákó, ìyókù lòun á fi katakata tú. Ibi tí pátákó náà wà tẹ́lẹ̀ sì wà nínú ìyókù yẹn.

Arlys lọ bá a níbi tó ti ń fi gírísì sí ẹ̀rọ ìgbìn rẹ̀.

"Má tú ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú yẹn, níwájú òpó kẹta."

"Kí ló wà níbẹ̀, Àǹtí?"

"Maren ni."

Ó rò ó fún un. Dwight nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ wó o lulẹ̀, ẹ wá lọ rì í sábẹ́ koríko màlúù bàbá mi."

"Ilẹ̀ ló dì."

"Látọdún 1989, kò tíì yọ́?"

Dwight ò dúró gba èsì.

"Ta ló tiẹ̀ sọ pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ yẹn tọ̀nà? Ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà ìlú tó rì í ní 1932, ibi tí mọ́tò ti lè dúró ni wọ́n ń wá."

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wà níbẹ̀, tí irin ẹ wá gba orí ẹ̀ kọjá, èmi ni mo fà á."

Dwight padà sídìí gírísì rẹ̀. Kò ṣèlérí kankan.

Ní Sorby, tí àgbàdo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àwọn àgbẹ̀ a máa rọra wakọ̀ kiri lọ́jọ́ Àìkú láti yẹ ìlà oko ara wọn wò. Ìlà tó wọ́, tàbí ibi tó ṣófo, ẹ̀sín ọdún kan gbáko ni. Lọ́dún yìí, àlàfo kan tó fẹ̀ tó ilé wà láàárín oko Dwight, níwájú òpó kẹta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nídìí kọfí nílé oúnjẹ rẹ̀, Lorene ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

"Dwight, ẹ̀rọ ẹ ló bàjẹ́ ni, àbí o sùn lọ?"

"Mo sùn lọ ni."

"Oorun yẹn mà fẹ̀ o. Àlá wo lo lá?"

Gbogbo ilé oúnjẹ rẹ́rìn-ín. Dwight mu kọfí rẹ̀, kò wo ibi tí àǹtí rẹ̀ jókòó sí.

Arlys gbé ife sílẹ̀. "Kò sùn. Èmi ni mo ní kó fo ibẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ti koríko pa mọ́. Lorene dúró pẹ̀lú ìkòkò kọfí lọ́wọ́ títí ó fi parí.

"Koríko màlúù," ni Lorene wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo máa ń kúnlẹ̀, Arlys. Pẹ̀lú orúnkún tí mo ní yìí."

"Mo máa ń rí ẹ."

Lorene bu kọfí sí ife Dwight, ó sì fo ti Arlys kọjá. Ó dé ìdí tábìlì kejì kó tó yíjú padà.

"Òdòdó mi pọ̀ lọ́dún yìí. Dwight, báwo lèèyàn á ṣe dé àárín yẹn láì tẹ àgbàdo mọ́lẹ̀?"

"Ẹ sáà gba àárín ìlà, Mà. Gbogbo ẹ̀ ló tọ́."

Kò sẹ́ni tó lè búra pé Maren wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Lorene padà sídìí tábìlì Arlys, ó sì bu kọfí fún un. Ìdajì ife ni.