Igi Àgbálùmọ̀ Kejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, yàrá kan wà nílé wa ní Ìkirè tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, àgádágodo ńlá tó ti dípẹtà ló wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Àwa ọmọdé la máa ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbálẹ̀ bá ti kù díẹ̀ kó kan ìlẹ̀kùn náà, a ó yára dá a padà. Ohun kan a máa rìn nínú yàrá yẹn lọ́sàn-án gangan, wùyẹ̀wùyẹ̀, bí ẹni ń tú ẹrù. Sìdí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, sọ fún mi pé obìnrin kan ni wọ́n tì mọ́bẹ̀, irun rẹ̀ sì ti gùn dé ilẹ̀. Sìdí kò rí obìnrin náà rí o, ṣùgbọ́n ó mọ bí irun rẹ̀ ṣe gùn tó.

Ìyá Àgbà, ìyá àwọn bàbá wa, ló ń tọ́ wa. Bàbá Sìdí wà lóko kòkó. Wọ́n ní bàbá tèmi wà lókè ọya, wọ́n sì ní ìyá mi ti kú. Bí mo bá béèrè ju ìyẹn lọ, iṣẹ́ ni Ìyá Àgbà máa fi dá mi lóhùn, iṣẹ́ kò sì wọ́n nílé ẹni tó ń ṣe dòdò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láyé ìgbà náà, tí ẹ ra dòdò Ìkirè lójú fèrèsé mọ́tò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo fi ewé wé e fún yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, la máa ń bó. A ó fi ata àti iyọ̀ sí i, a ó gún un pọ̀, Ìyá Àgbà á wá dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Òórùn rẹ̀ a wọ irun wa, a wọ aṣọ iléèwé wa. Tíṣà wa kì í wojú kó tó mọ̀ pé àwa la wọlé.

Láàárọ̀, lẹ́yìn àsúbà, a ó tò síwájú Ìyá Àgbà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á sì máa fi oríkì kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ bí orí ṣe máa ń wú nígbà tí àgbà bá ń kini báyẹn. Oríkì ilé wa gùn, ó kún fún ọdẹ àti ẹfọ̀n, Sìdí á sì máa mi orí bí alángbá. Tó bá kàn mí, Ìyá Àgbà kì í kì mí lójú wọn. Wọ́n á fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ alágbálùmọ̀ méjì. Ọ̀kan ti àlejò..." Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́ sí.

Èmi náà kì í dákẹ́ ní tèmi. "Ìyá Àgbà, ìkejì ńkọ́?"

"Ìkejì ò tíì pọ́n. Lọ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Báyìí la ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí igi àgbálùmọ̀ kankan nílé wa, kò sí ní àdúgbò wa pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Sìdí jà nítorí dòdò jíjóná tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbada, ohun tí à ń pè ní ẹran wa. Èmi ni mo borí. Inú bí Sìdí, ló bá sọ pé, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Oríkì tìẹ yàtọ̀. Obìnrin inú yàrá yẹn ló bí ọ, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ló máa gbé ọ lọ." Dòdò náà korò lẹ́nu mi. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ òótọ́. Wọ́n máa ń rán gbogbo wa níṣẹ́ lọ sí Ọjà Àpòmù, èmi nìkan ni wọn kì í jẹ́ kí n lọ, bẹ́ẹ̀ Àpòmù kò jìnnà rárá. Àṣé nǹkan kan wà lára mi tí wọn ò fẹ́ kí ayé rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ gidi, kí wọ́n má baà dá mi padà. Mo ń pọnmi láìjẹ́ pé wọ́n rán mi, mo ń fọ agbada láìkùn. Ìyá Àgbà wò mí títí fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu yà wọ́n, ni wọ́n bá rò pé ibà ló ń ṣe mí. Àgbo tí wọ́n fún mi mu lọ́sẹ̀ náà, n kò gbàgbé bó ṣe korò.

Ṣùgbọ́n ìtọpinpin kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọ̀sán kan, mo lọ yọjú níhò ìlẹ̀kùn yàrá náà. Òkùnkùn ni mo rí. Bí mo ṣe yíjú padà, Ìyá Àgbà rèé lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè. Mo ń retí ẹgba, ẹgba kò dé. Nígbà tí mo jí ojú wò, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ, nítorí n kò rí i kí Ìyá Àgbà sunkún rí, kódà nígbà tí epo gbígbóná ta sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí a ṣe wòlímọ̀ wa nílé kéú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún wa, àlejò kún ìta, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ oníkálukú. Nígbà tó kàn mí, mo gbé wàláà mi, pákó tí a kọ kéú sí, mo kà á délẹ̀ láìkọsẹ̀. Àwọn obìnrin hó yèè. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé wọ́n gbàgbé ara wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ sí mi létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo látìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọ́n fi igbe ta lójú gbogbo ayé: "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ alágbálùmọ̀ méjì! Ọ̀kan ti àlejò..."

"Ọ̀kan ti ọmọ tí ń bọ̀ wálé!"

Obìnrin kan ló gbè é láàárín àwọn àlejò. Ó ti dìde, ẹ̀kọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ẹní. Àpòmù ló ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni nílé wa kò mọ̀ ọ́n. Àfáà pàápàá gbàgbé láti pe ọmọ tó kàn. Obìnrin náà rìn wá síwájú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín ní oríkì ilé wa?"

Ìyá Àgbà jókòó. Èmi rọ̀ mọ́ ìró wọn. Lọ́kàn mi, obìnrin inú yàrá ti jáde nìyẹn láìṣí àgádágodo, mo sì ń wò bóyá irun rẹ̀ gùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí yàrá náà. Bí ìlẹ̀kùn ṣe gbà, eku mẹ́ta ló sáré jáde. Àwọn ni wọ́n ti ń dẹ́rù bà mí láti kékeré! Ẹní kan ló wà nínú yàrá, àpótí kan, sílípáàsì kan, àti fìlà ọmọ ọwọ́ aláwọ̀ òféèfèé tí wọn kò hun parí. Ìyá Àgbà gbé fìlà náà lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Àmínátù lorúkọ ìyá mi. Ó lóyún fún awakọ̀ kan tí wọn kò mọ ilé rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì lé e kúrò nílé ní Àpòmù. Ìyá Àgbà gbà á sílé, ó ń bá wọn gún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ tó bí mi ló kú. Ó gbé mi lé àyà, ó ń kì mí lọ, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́ kó tó parí oríkì náà. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ Ìyá Àgbà ṣáájú pé kí wọ́n má dá mi padà sílé bàbá òun. Ìyẹn ni wọ́n fi purọ́ pé ọmọ ọmọkùnrin wọn tó wà lókè ọya ni mí, gbogbo àgbà ilé sì bá wọn pa á mọ́.

"Mi ò mọ èyí tó kù nínú oríkì ẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Àbọ̀ tí mo gbọ́ ni mò ń fún un, kó má baà dàgbà láìní nǹkan kan." Wọ́n wá kọjú sí obìnrin náà. "Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi, àbí?"

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá mi jẹ́ fún obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. A ò ní gbà á. Ọpẹ́ ni mo wá dú."

Mo sunkún ní tèmi, ṣùgbọ́n ẹkún ìtura ni. Ẹ̀rù tó ti wà láyà mi láti ọjọ́ dòdò jíjóná bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó máa dá mi padà síbì kankan.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti Ìyá Àgbà lọ sí Àpòmù. Igi àgbálùmọ̀ méjì wà lójúde ilé náà lóòótọ́, èso sì ti pọ́n lórí wọn. Bàbá tó bí ìyá mi ti kú. Àǹtí mi ní lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé ọmọ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, wọ́n ní oríkì ilé àwọn ń bú àwọn. Títí wọ́n fi kú, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èso igi kejì. Ìyá Àgbà lọ jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi àlejò. Àǹtí mi fà wọ́n dìde, ó sì mú wọn lọ jókòó sábẹ́ ìkejì.

Ayé ìsinsìnyí ti yàtọ̀. Láyé wa, àgbà ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Lónìí, ọmọ ló ń ti fóònù mọ́ àgbà. Ọ̀rá ni wọ́n ń di dòdò sí lẹ́bàá títì, Sìdí sì ń tà á níbẹ̀, ó ní òun ò sọ̀rọ̀ irun gígùn kankan rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sùn ní yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi kì í fi nǹkan pamọ́ fún àwọn ọmọ tèmi, mo tilẹ̀ máa ń sọ jù, ojúde ni mo sì ti ń kì wọ́n, tokuntokun, délẹ̀.

Ìyá Àgbà ti lọ. Atẹ́gùn ti wó igi àlejò ní Àpòmù, ìkejì nìkan ló kù. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Màámi, bí àlejò bá wá dé, ibo ló máa jókòó?"

Mo ní, "Ibi tí Ìyá Àgbà jókòó."