Lámì, Ẹṣin Tí A Kò Fún Ní Abẹ́rẹ́

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí Lámì kọ oúnjẹ ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni. Lẹ́yìn Ìkòsí, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò, ni ilé ẹṣin tí a ti ń ṣèwádìí àìsàn wọn wà. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bu ẹṣin jẹ, tí á sì kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀. Ẹṣin náà á máa rù títí yóò fi kú. Abẹ́rẹ́ tuntun kan dé tí a fẹ́ dán wò. A gún àwọn ẹṣin yòókù, a fi Lámì sílẹ̀. Àfiwé là ń pe irú rẹ̀, torí ara rẹ̀ la ó fi mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ṣe fún àwọn tó kù.

Èmi ni mo ń gún wọn létí láràárọ̀ láti fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn yòókù a máa ta mí nípàá. Ọ̀kan tilẹ̀ ta mí sínú kòtò omi. Ṣùgbọ́n fúnra Lámì ló ń tẹrí ba fún mi.

Málàm Sule, bàbá Hausa tó ń tọ́jú wọn, ló fà á wá láti òkè Ọya. Nílé tiwọn, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń dáná sí nírọ̀lẹ́ kí èéfín lè lé eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá wa, Dókítà, ní kó pa iná náà, pé bí eṣinṣin ò bá bù wọ́n jẹ, a ò ní mọ nǹkan kan. Bàbá pa á, ó bá ń fi fìlà rẹ̀ lé wọn, títí Dókítà fi ní kó fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo rí àìsàn náà nínú ẹ̀jẹ̀ Lámì láàárọ̀ tó kọ oúnjẹ yẹn, mo bẹ Dókítà pé kó jẹ́ ká gún un. Abẹ́rẹ́ ṣì kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Rájí," ó ní, "tí a bá gún òun náà, kí la ó fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló gba àwọn tó kù là?"

Lámì rù kan egungun, ó sì gbé orí lé itan Málàm kú.

Dókítà ní ikú rẹ̀ kò já sásán, torí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ṣì ń jẹun. Mo gbà á gbọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, àìsàn kan náà ti pa àwọn náà tán.

Níbi tí a ti ń sin èyí tó kẹ́yìn, Málàm kọjú sí mi.

"Rájí, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ nǹkan. Kí lẹ wá mọ̀?"

"Bàbá, a mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ò ṣiṣẹ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó ká okùn Lámì sí èjìká, ó sì gba ọ̀nà Ojota lọ wá lọ́rì tí yóò gbé e relé.