Àwọn Ọmọ Tí Kò Ní Ọjọ́ Ìbí

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí wọ́n sin Abdulrasaq ni ojú-ewé èsì ìdánwò kọ̀, tí kò ṣí mọ́.

Akọ̀wé ni Roheemat ní iléèwé aládàáni kan ní Owódé. Abdulrasaq, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ni wọn ìbá so yìgì. Òun ló kọ wẹ́ẹ̀bù kékeré tí iléèwé ń lò fún èsì. Kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ń gbé. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, tí wọ́n tún ní kí ilé epo ìtòsí ibẹ̀ má rí epo tà mọ́, Abdulrasaq gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaró, ó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ iléèwé. Tírélà gbá a lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àṣírí kọ̀ǹpútà bá a wọ sàréè.

"Ọmọ mi," ni Alàgbà Adégbóyè tó ni iléèwé wí, "mo mọ̀ pé ọgbẹ́ yìí ṣì tutù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì làwọn òbí ń bọ̀. Bá mi wò ó."

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú, sà."

Gbogbo ibi tí Roheemat tẹ̀ láti tún ojú-ewé náà ṣe ni kọ̀ǹpútà ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dán an wò, ó fi ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé dán an wò. Pàbó. Ó wá rántí ohun tí olóògbé máa ń sọ fún un: "Bí ilẹ̀kùn bá tì, má forí sọ ọ́. Da iṣẹ́ náà kọ sí ààyè tìrẹ, kí o tú u wò níbẹ̀." Ó dà á kọ sórí fúláàṣì, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì kẹfà ṣí, ìkarùn-ún ṣí, títí dé ìkejì. Ìkìn-ín-ní ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ pupa kan jáde: ẹ̀rọ fẹ́ ṣírò ọjọ́-orí àwọn ọmọ, àwọn méjì kò sì ní ọjọ́ ìbí.

Ó wá orúkọ wọn.

Mẹ̀dínátù Abdulrasaq. Ṣàíbù Abdulrasaq.

Mẹ̀dínátù ni ìyá tó bí ìyá Roheemat; Ṣàíbù ni bàbá Abdulrasaq. Lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé ni òun àti Abdulrasaq ti jọ yan orúkọ méjèèjì fún àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí. Ọ̀sẹ̀ tí ọkùnrin náà kú gan-an ló fi ọjọ́-orí kún èsì. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi dán an wò, kò sì ráyè yọ wọ́n.

Akọ̀wé láṣẹ láti fi orúkọ ọmọ kún wẹ́ẹ̀bù tàbí láti yọ ọ́. Ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá. Roheemat padà sórí wẹ́ẹ̀bù inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó gbé ìka lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yọ orúkọ, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ wá ọjọ́ ìbí fún wọn ná, ó tẹ̀ ẹ́ sí iwájú orúkọ wọn. Ojú-ewé ṣí wàà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàárín ẹgbẹ́ wọn: Mẹ̀dínátù, ọdún mẹ́fà, Ṣàíbù, ọdún márùn-ún. Ó wò wọ́n títí omijé kò jẹ́ kó rí wọn mọ́.

Ó yọ Ṣàíbù. Ó mí kanlẹ̀. Ó yọ Mẹ̀dínátù.

Alàgbà Adégbóyè wọlé, ó bá ìwé èsì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. "Káre, ọmọ mi! Kí ló ṣe é?"

"Orúkọ ọmọ méjì ló ṣèèṣì wọ inú rẹ̀, sà. Mo ti yọ wọ́n."

"Ọmọ ta ni?"

Roheemat to ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó tún un tò.

"Wọn kì í ṣe ọmọ iléèwé wa, sà."