Ìgbà Tí Sípíkà Onígbàjámọ̀ Dákẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mo fẹ́ràn ìjà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ariwo tí mò ń sọ. Ariwo kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá yàtọ̀ sí èyí tó ń ti títì wá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó dúró sójú kan kò jọ èyí tó ń kọjá lọ. Mo lọ sí yunifásítì. Wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ pé kí n ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, n kò sì ní torí pé inú ń bí mi kí n wá da ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé pọ̀ sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn mọ́tò. Òpópónà wa ní Àgùdà wà lára àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn awakọ̀ máa ń gbà nígbà tí Ojú Ẹlẹ́gbà bá ti dí. Mọ́tò kan á yọ láti kọ̀rọ̀, ẹ kò tíì rí i, ilẹ̀ á ti máa mì. Orin kọ́ lẹ máa gbọ́ o. Ohùn olórin kì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá, báàsì nìkan ló ń dé, gìm, gìm, gìm, bí ẹni ń gúnyán nínú kànga. Gíláàsì wíńdò á máa gbọ̀n, ife á máa rìn lórí tábìlì. Ẹni tó ni orin ti gbé gíláàsì mọ́tò tirẹ̀ sókè, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára. Àwa tí kò gbé wa, àwa ló fi orin rẹ̀ ṣe lálejò. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀, ó ti kọjá. Mo sáré bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú sílípáàsì ilé lẹ́sẹ̀ àti ṣíbí ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Eruku ni mo bá lẹ́nu géètì. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ wo ṣíbí ọwọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ bu ọbẹ̀ fún un ni?"

Ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọrùn díẹ̀. Obìnrin tó ń gbé lókè wa, tó ń ta omi tútù àti yìnyín, máa ń gbé orin ìyìn sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ilé. Bí mo bá fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀ràn tó ní àtúnṣe nìyẹn.

Èyí tí kò ní àtúnṣe, lójú tèmi nígbà náà, ni ti onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Sípíkà méjì ló gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ga tó ọmọ tó ti ń lọ sí ilé ìwé. Láti ìgbà tí iná bá ti dé títí di ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ, wọn kì í dákẹ́.

Gbogbo èyí ni mo ti ń fara dà, tí mò ń kùn, tí mò ń ti wíńdò, kí Màámi tó dé. Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọn kì í jókòó, ohùn wọn ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe kì wọ́n mọ́lẹ̀ lójijì, tí apá àti ẹsẹ̀ òsì kò sì gbọ́ tiwọn mọ́. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda wọn ní ọsibítù, mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó fi wá sílẹ̀. Ó ní ìfúnpá wọn ṣì ga, òògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, oorun sì ní tirẹ̀. "Ẹ rí i pé wọ́n ń sùn dáadáa, lọ́sàn-án pàápàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru sókè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, n ò lè ṣèlérí ohunkóhun fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọlé. Láti ọjọ́ náà, ariwo kúrò ní ohun tó ń bí mi nínú, ó di ohun tó lè gba ìyá lọ́wọ́ mi.

Màámi kì í ráhùn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ sùn lọ, tí sípíkà bá bú jáde, ojú wọn á kàn là, wọn á máa wo àjà. Mo ní, "Màámi, ẹ ò sùn." Wọ́n ní, "Mò ń sùn, ojú ni kò gbà." Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Màámi wá, ó wọn ìfúnpá wọn, ó ní ó tún ti ga sí i. Mo wọ bàtà tó dára, mo sọdá títì.

Mo ti to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn. Èkíní, ìta ni sípíkà wà, bẹ́ẹ̀ inú ni àwọn tó wá gẹrun jókòó sí. Èkejì, wíńdò yàrá ìyá mi ló kọjú sí tààrà. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ra, kò gbọ́ ohun tó ń fi lọ̀ wá. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ṣé ara wọn ti ń le?"

Ẹ ò lè fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ẹ kò tíì dá lóhùn ìkíni. Mo ní a dúpẹ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, òun rí i pé wọ́n fúyẹ́ gan-an. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òun wà lára àwọn tó bá wa gbé wọn gun àtẹ̀gùn, irun orí ẹlòmíràn ṣì wà lára apá rẹ̀. Ẹ̀sùn èkíní fò lọ lórí mi.

"Wọn ò rí oorun sùn ni," mo wí.

"Nítorí orin?"

"Dókítà ní dandan ni kí wọ́n máa sùn lọ́sàn-án."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa á. "Háà, Àǹtí. Ẹ ò bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Mò ń rí i tí ẹ ń ti wíńdò, mo rò pé ẹ̀fọn ni."

Bí mo ṣe sọdá padà, inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá múra ìjà, tí wọn ò bá a jà, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gbọ́ omi tó ń kán nínú táńkì ilé kejì. Mo gbọ́ ẹyẹlé lórí páànù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Màámi tí wọ́n ń hanrun, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún dé, ó wọn ìfúnpá náà, ó tún un wọ̀n, ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àfi bí obìnrin olómi tútù ṣe kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọṣẹ ìfọṣọ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníná ò tíì mú un dé ni? Yìnyín mi ti fẹ́ yọ́ tán."

"Iná wà. Láti àárọ̀ ló ti wà."

Ó wo fáànù tó ń yí lórí mi, ó wo òdìkejì títì. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mò ń fọṣọ. N ò gbọ́ orin, mo ní wọn ò tíì mú un wá."

Ó sáré gòkè lọ tan firísà. Èmi dúró síbẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé ní òpópónà yìí, tí mò ń kà á sí ìwà ọ̀dájú pé ọkùnrin kan ń gbé orin sójú títì? Pátákó ìpolówó rẹ̀ ni. Bí orin bá ń lọ, iná wà. Bí iná bá wà, kílípà ìgẹrun ń ṣiṣẹ́. Bí orin bá dákẹ́, kò sí ìdí láti sọdá gọ́tà, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Mo jáde sí bákónì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ọkùnrin kan dé, ó dúró létí gọ́tà, ó fọwọ́ pa orí, ó wo sípíkà. Ó yí padà, ó gba kọ̀rọ̀ lọ, níbi tí onígbàjámọ̀ mìíràn wà tó ní jẹnẹrétọ̀. Òmíràn dé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nínú gíláàsì, onígbàjámọ̀ wa jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu kílípà tí kò dọ̀tí.

Mo sọdá lọ bá a. "Àwọn oníbàárà rò pé kò sí iná."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ṣé kí n wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n dìde, kọ́sítọ́mà ń bọ̀?"

"Tan án díẹ̀. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Tó bá lọ sílẹ̀, kò dé ìta. Tó bá dé ìta, ó dé ọ̀dọ̀ Màmá." Ó fẹ́ atẹ́gùn sí kílípà náà. "Ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ mi á wọlé béèrè."

"Wọ́n ń wọlé béèrè?"

Ó ń nu kílípà lọ.

Èmi àti òun la jọ ronú kan táwẹ́ẹ̀lì. Ó ní táwẹ́ẹ̀lì pupa kan, òun á máa fi kọ́ ẹnu ọ̀nà bí iná bá wà. Ó dára lórí ìwé. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ kọjá ní, "Ọ̀gá, aṣọ yín ti gbẹ o." Ẹni kejì ní kó má fi aṣọ tó dára báyẹn sóòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á parẹ́. Nígbà tí òjò ṣú, ìyá oníbúrẹ́dì fi igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré sọdá, ó bá a ká táwẹ́ẹ̀lì wọlé, ó sì ká a dáadáa. "Mo bá ẹ kó o o, ọmọ mi. O ò lójú aṣọ." Onígbàjámọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kó tún ṣe?

Inú ń bí mi lákòókò yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí n kò rí ẹni tí ó tọ́ sí. Mo tún ẹ̀sùn náà tò. Bí iná bá ń wà bó ṣe yẹ kó wà, ta ni yóò nílò orin láti fi kéde rẹ̀? Àwọn tó ń mú un wá tí wọ́n ń mú un lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ló gbé sípíkà yẹn sójú wíńdò ìyá mi, bí ọwọ́ wọn ò tilẹ̀ kàn án. Ti onígbàjámọ̀ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí bá mi dárí ji àwọn onímọ́tò o. Kò sí oníbàárà tí wọ́n ń pè. Ọ̀kan tilẹ̀ kọjá bí mo ṣe ń ro èyí lọ́wọ́, ife omi òògùn Màámi rìn dé etí tábìlì, mo gbá a mú.

Àwọn ọmọ fẹ́ wọlé sílé ìwé padà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìgbà ọjà onígbàjámọ̀ nìyẹn, kò sí ọmọ tí wọ́n ń jẹ́ kó gbé irun lọ sí kíláàsì. Màámi ti sùn. Mo wà ní bákónì, mò ń ká aṣọ. Bàbá kan dé létí gọ́tà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, irun orí gbogbo wọn ti di igbó. Ó wo sípíkà. Ó wo táwẹ́ẹ̀lì. Onígbàjámọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ìta, kò rí wọn. Mo rọra pàtẹ́wọ́. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ọmọ tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n yí padà.

N kò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde wá. Bóyá lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Iná wà o! Bàbá ọlọ́mọ, ẹ wọlé, iná wà! Ó ń gẹrun!"

Bàbá náà gbójú sókè. Ìyá oníbúrẹ́dì gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wo Àǹtí wa. Wọ́n ti di sípíkà." Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń fo gọ́tà. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí, onígbàjámọ̀ yọrí síta, ó rí àwọn tó ń bọ̀, ó rí mi lókè pẹ̀lú aṣọ tó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka kan ètè.

"Àǹtí, ẹ rọra. Màmá ń sùn."

Mo bo ẹnu mi, mo sáré wọlé. Ojú Màámi ti là, wọ́n ń wo àjà.

"Ta ló ń pariwo báyẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ má bínú."

Mò ń wo àyà wọn, mò ń ka èémí wọn bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ta ni?"

"Oníbàárà tí ò ń pè."

"Ó wọlé. Pẹ̀lú àwọn ọmọ."

"Ó dáa." Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa aṣọ ìbora dé ọrùn, wọ́n kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.