Ìlà Ojú Olè Iṣu

Ní yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwòrán, wọ́n kọ́ wa pé àwòrán tó bá dára a máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọn ò kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí ó bá sọ̀rọ̀ sí olórí ẹbí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Bẹ́yẹrúnkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Bí o bá ka ìwé Yorùbá ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o ti bá ìyá tó ń gúnyán, bàbá tó ń roko àti ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu pàdé, kí o má sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan náà ló ya gbogbo wọn. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ìwé, nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tí èèrà nìkan lè kà. Ní tèmi, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni mò ń yà fún ìwé ìròyìn. Orúkọ tèmi máa ń hàn dáadáa, torí ó yẹ kí àwọn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò ṣépè fún.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn atẹ̀wé dẹ́kun àtimáa pe ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tí wọ́n ń sọ fún pé kó ya bàbá àgbẹ̀, yóò sì yà á kí tíì wọn tó tutù. Bàbá àgbẹ̀ náà lè ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bínú, kì í sì í ní kí wọ́n kọ orúkọ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí obìnrin kan tó máa ń ṣètò ìpàtẹ àwòrán dé láti Èkó. Ó wo àwọn àwòrán àtijọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kó sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí a ṣe ìpàtẹ àwọn ayàwòrán ìwé. Ó fún èmi náà ní kọ̀rọ̀ kan, bí ìgbà tí wọ́n fún àlejò ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àgbà atẹ̀wé kan, tó fẹ́ ṣe ìwé àlọ́ ńlá, ṣèlérí pé òun yóò wá lọ́jọ́ Sátidé tí a máa ṣí i. Bí ohun tó rí lára ògiri bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọwọ́ èèyàn ni yóò ya ìwé náà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìwé yẹn ni ọ̀rẹ́ mi gbójú lé. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun kò bá rí i gbà, òun á fi àwòrán sílẹ̀, òun á máa kọ nọ́ńbà sára mọ́tò.

A ti rí gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Obìnrin yìí kọ̀, ó ní òun fẹ́ ibi tó ní ẹ̀mí. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ẹbí ọ̀rẹ́ mi ló ti wá rí ẹ̀mí, ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí àwọn ọmọ ẹbí ti ń bẹ Ọlọ́run tipẹ́ pé kí àwọn rí owó fi wó. Mọ́gàjí, olórí ẹbí wọn, ló ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà. Alhaji ni, ó ṣòwò aṣọ ní Òjé títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ó fún wa ní ìsàlẹ̀ ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi tì í:

"Mo gbà. Àmọ́ n ò fẹ́ ohun tó máa tàbùkù ilé yìí o."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó àwọn àwòrán dé láti ibi tí wọ́n ti lọ sọ wọ́n di ńlá. Èyí tí obìnrin náà yàn fún ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn ni olè iṣu: ọkùnrin kan gbé iṣu lé èjìká, ó ń bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Nínú ìwé, kò tóbi ju ilé ìṣáná lọ. Nísinsìnyí, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, nípa ebi àti àwùjọ àti ìwà ọmọlúàbí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà ò mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí náà mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ọ̀rẹ́ mi ń jẹ ẹ̀pà. Ó fà sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dúró.

"Kí ló dé?"

"Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Mo wò ó. Àbàjà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ olè, ìlà kan sì tún gba orí imú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìbàmú. Nínú ìwé, bébà burúkú ti sọ gbogbo rẹ̀ di òjìji lásán.

"Ṣé ìlà ilé yín kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

Ojú bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú, nígbà tí ọkùnrin náà bá ń sùn lórí ẹní lọ́sàn-án. Ó kọ́ ìlà mọ́ ojú. Láti ìgbà náà, kò sí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó yà tí kò kọ ọ́ fún: tíṣà, dókítà, ọlọ́pàá, lèmọ́mù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn yòókù tó kọ ìlà náà ti kú, wọn ò sì kọ ọ́ fún ọmọ kankan mọ́. Ojú kan ṣoṣo ló kù láyé tó ní ìlà yẹn. Ojú Mọ́gàjí ni, ẹni tó ti gbà pé òun á gé rìbọ́ọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé.

Obìnrin náà ní a kò gbọdọ̀ yọ olè iṣu. Òun ló wà lórí káàdì ìpè, ó sì ti lọ kárí. Ó ní ìjà tó bá bẹ́ sílẹ̀ lórí àwòrán, ara àwòrán náà ni. Mo ní kó lọ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún Alhaji. Ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ gba fóònù tí kò dún.

Ọ̀rẹ́ mi po ọ̀dà pupa rúsúrúsú mọ́ dúdú títí ó fi dà bí awọ ara olè, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gun àkàbà. Mo di àkàbà náà mú. Ó ti pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ́ tán nígbà tí a gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́gàjí ń bọ̀ láti ìrun alásárì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi àkàbà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà, àkàbà sì mì.

"Dúró síbẹ̀ jàre," ni Mọ́gàjí wí. "Bí o bá já lulẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo tì ọ́."

Ó wo àwòrán náà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún wò ó. Kọ́kọ́rọ́ ilé ń dún díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Olè iṣu ni, sà. Ó wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé."

"Mo rí iṣu. Ta ni mo bi ọ́."

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ olè.

"Ó ní ìlà lápá ọ̀tún. Ti apá òsì dà?"

"Mo ń pa á rẹ́ ni, sà. Kó má baà tàbùkù ilé."

Mo rò pé àkókò tó fún ẹ̀kọ́ mi láti wúlò. "Alhaji, ẹ wò ó, nínú iṣẹ́ ọnà..."

"Ìwọ tó o lọ sí yunifásítì, gbé àga wá fún mi."

Mo gbé àga wá. Ó jókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé itan. Mo ti ń ro bí a ó ṣe kó gbogbo ẹrù wa lọ sí Bódìjà láàárín ọjọ́ kan, mo sì mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, wọ́n ti gba gbọ̀ngàn náà fún ìgbéyàwó.

"Ilé yìí ti bí àlùfáà," ni ó wí. "Ó ti bí oníṣòwò. Ó bí ìwọ tí ò ń ya ewúrẹ́. Ó ti bí olè pàápàá rí, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún ọ. Wọ́n nà án, wọ́n bú u, ilé yìí náà ló sì padà sùn. Ta ló fá ìlà kúrò lójú rẹ̀? A kì í ní ọmọ burúkú ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àbùkù tí mo ní n ò fẹ́, òun gan-an lò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe lókè yẹn."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀ itan, ó nà án sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì olè.

"Dá a padà fún un."

Ọ̀rẹ́ mi ti búrọ́ọ̀ṣì mìíràn bọ ọ̀dà. Ó gbé e dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ olè, ó dúró, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló mọ ìlà yẹn, sà. Èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sì ti ń ṣọ́ ọwọ́ náà, kì í kọ ọ́."

Mọ́gàjí mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ lọ síbi fèrèsé, ó ṣí fìlà, ó sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

"Wò ó níbí."

Ọjọ́ orí ti fa ìlà náà wọnú ìhunjọ ara, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí. Nígbà tó yá, ó ní, bí ẹni tó fẹ́ gba ìgbátí, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kó atẹ́gùn sẹ́nu díẹ̀." Mọ́gàjí wò ó. Lẹ́yìn náà ó kó atẹ́gùn sẹ́nu. Mo ti ya gómìnà, mo ti ya ọba, kò sí èyí tó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi rí. Mo tẹ ẹsẹ̀ ara mi mọ́lẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìlà pé, ó dé fìlà rẹ̀.

"Mi ò ní gé rìbọ́ọ̀nù kankan. Ẹ wá ẹlòmíì."

Ó tì wá síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi ò jẹun gidi. Ó ń rìn láti Bẹ́yẹrúnkà dé Mápó, ó ń padà, bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Mọ́gàjí ti wà nínú ilé, nínú agbádá funfun, ó gbé àga sábẹ́ olè iṣu gan-an. Ìlà kan náà wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Orí rẹ̀ bo gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo olè ní láti kọ́kọ́ kí i. Àwọn ará Èkó ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń wo Mọ́gàjí, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Àgbà atẹ̀wé náà dé. Òun náà kí i, ó wo àwòrán pẹ́, ó pe ọ̀rẹ́ mi.

"Iṣẹ́ yìí dáa. Ìwọ ni màá gbé ìwé àlọ́ náà fún. Ohun kan ló kù: àwọn òbí òde òní ò fẹ́ ìlà. Wàá bá mi yọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rí nọ́ńbà mọ́tò lójú rẹ̀.

"Kò ṣeé yọ, sà," ni ó wí.

Mọ́gàjí, tí etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ, kọjú sí mi.

"Kí ni àlejò wí?"

Mi ò tíì lanu tí atẹ̀wé náà fi tẹrí ba lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Kó wà bó ṣe wà."

"Ẹ ṣeun," ni Mọ́gàjí wí. "Ẹ bá wa kọ orúkọ ọmọ wa yìí sínú ìwé náà kó tóbi. Ojú wa ò ríran mọ́."