Ẹrù Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni mo wọ iṣẹ́ sọ́jà. Ọmọ Odigbo ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń ru kòkó láti oko bàbá mi ní Ajue wá sílé, nítorí náà mo rò pé kò sí ẹrù tó tún lè wúwo fún mi. Màmá mi, tó jẹ́ Aládùúrà, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi, ó sì sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀ ní Ore.

Òkè Ọya ni wọ́n ti kọ́ wa. Sájẹ́ńtì tó ń kọ́ wa kì í rẹ́rìn-ín. Nítorí pé mo mọ̀wé díẹ̀, ó fi mí ṣe olórí ènìyàn mẹ́sàn-án. Orí mi wú. Àfi bí ẹni tó joyè ni mo ṣe ń jágbe mọ́ wọn.

Ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí a fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì, tìbọn tẹrù. Ọmọ Ìlàjẹ kan wà lára àwọn ènìyàn mi. Inú ọkọ̀ ojú omi ló dàgbà sí, bàtà sọ́jà kò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí ìyẹn ò ràn án, mo fi í sílẹ̀, mo ní kí àwọn tó kù tẹsẹ̀ mọ́rìn. Àwa la kọ́kọ́ dé. Mo dúró gbọn-in níwájú sájẹ́ńtì, mo ń retí ìyìn.

Ó kà wá. Ó bi mí pé ènìyàn mélòó lòun fi sí ìkáwọ́ mi, mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní mélòó ni mo kó dé. Mo ní mẹ́jọ, pé ìkẹsàn-án ń bọ̀ lẹ́yìn.

“Ìwọ náà ò tíì dé nìyẹn,” ó wí. “Padà lọ.”

Kò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí.

Oòrùn mú bí iná. Mo bá ọmọ Ìlàjẹ náà lábẹ́ igi kan, ó ti bọ́ bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti bó. Mo gbé ẹrù rẹ̀ lé tèmi, mo ní kó di bẹ́líìtì mi mú. Bí a ṣe ń lọ, ó ń sọ fún mi nípa bàbá rẹ̀ tó ń pẹja, àti pé òun ò wọ bàtà rí kí òun tó di sọ́jà. Oṣù mẹ́ta la ti jọ ń sùn nínú yàrá kan, mi ò mọ èyí. Ìyẹn gan-an ló tì mí lójú.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó dé. Gbogbo ènìyàn ti jẹun àfi sájẹ́ńtì. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ Ìlàjẹ náà, ó bu oúnjẹ fún un, ó bù fún èmi náà, kó tó wá bu tirẹ̀ tó ti tutù. Kò bá mi wí mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, orúnkún tí mo fi ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ dá mi padà sílé. Bàbá mi ti ń darúgbó, ó sì fa oko Ajue lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú àwọn àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa. Lọ́dún yẹn, òjò gbé afárá onígi tó wà lórí odò oko wa lọ. Kòkó ló ń gbé Ìwọ̀-Oòrùn ró nígbà náà, tiwa sì ti pọ́n lórí igi. Mo pe gbogbo wa jọ. Dípò kí n pàṣẹ, mo bi ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó dàgbà jù nínú àwọn àlejò náà pé, “Bàbá, níbo lẹ rò pé ó yẹ kí afárá wà?”

“Ọdún kẹjọ mi rèé níbí,” ó wí. “Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní nǹkan.”

Ó ṣàlàyé pé ibi tí a ń tẹ́ afárá sí tẹ́lẹ̀ ni omi ti máa ń jẹ ilẹ̀. Ó mú wa lọ sí apá òkè, níbi tí àpáta wà nísàlẹ̀ omi. Ọjọ́ márùn-ún la fi gbé igi. Èmi àti àwọn tí agbára wọn kéré jù la wà lẹ́yìn. Ká má purọ́, orúnkún mi náà ò gbà kí n wà níwájú. Omi ò gbé afárá yẹn lọ títí bàbá mi fi kú.

Lọ́jọ́ tí a tẹ́ afárá náà tán, bàbá mi wá wò ó. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ sùúrù, ó ní òun rò pé ìbọn nìkan ni wọ́n ń kọ́ sọ́jà. Mo sọ ọ̀rọ̀ sájẹ́ńtì náà fún un, màmá mi sì ń gbọ́. Mi ò tún fojú kan sájẹ́ńtì náà mọ́ lẹ́yìn tí a kẹ́kọ̀ọ́ tán, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, nítorí nígbà yẹn mo rò pé ìyà ló fi jẹ mí. Màmá mi ló bá mi dúpẹ́. Nílé àdúrà, bó bá ti dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tán, á ní kí Ọlọ́run rántí ọ̀gá tó rán ọmọ òun padà.